Bàbá Alákìísà Inú Géèmù àti Àálè Tí Ẹ So

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà jáyà,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo kàwé dé. Ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ ń wọ́ lọ sókè, ó ń wọ́ wá sísàlẹ̀ bí ìtàkùn kúkúndùnkún. Ọ̀rọ̀ kì í tètè yá mi lẹ́nu, ká má tíì sọ pé yóò yá mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Bàbá. Inú ń bí mi débi pé bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, mo lè lọ sọ ọ́ níbi tí kò yẹ kí ìyàwó tuntun ti lanu.

Mo ti relé ọkọ. Ẹ ò dúró rí i. Olódò ni, níbi tí ilé ti ń jẹ oko lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni burúkú rárá. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Bí a bá ń jẹun, ó máa ń gbé orí ẹja fún mi, ó ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ ni. Mo rí bó ṣe máa ń wò ó.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì. Wọ́n ń gba iná sí fóònù níbẹ̀, wọ́n sì ń gbá géèmù. Ẹ ò mọ géèmù. Eré inú tẹlifíṣọ̀n ni. Wọ́n á di nǹkan kan mú lọ́wọ́, páàdì ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n bá sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á máa rìn, á máa fò, á máa yìnbọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa yín, ẹ ó ní ṣé iṣẹ́ oko ti tán ni. Èmi ń ta sóbò àti omi tútù lẹ́nu ọ̀nà, torí náà kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí mi ò rí.

Géèmù kan wà tí gbogbo wọn ń jà lé lórí báyìí. Ọmọ ogun kan ló ń wá ọ̀nà lọ sí ìlú kan lẹ́yìn òkè. Ó ti bá ẹranko jà, ó ti bá olè jà, kó tó wá dé etí pápá kan tó tẹ́jú, tí koríko rẹ̀ tutù. Ẹnu ọ̀nà pápá yẹn ni bàbá àgbàlagbà kan dúró sí. Aṣọ ara rẹ̀ ti gbó, ojú rẹ̀ ò hàn, ọ̀pá ló mú dání. Ó so àkísà mọ́ gbogbo igi tó wà níwájú rẹ̀, ó so ìkarahun mọ́ ọn, ó so egungun ẹran mọ́ ọn. Bàbá Alákìísà ni àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń pè é. Bí ọmọ ogun bá ti sún mọ́ ọn, bàbá náà á fi ọ̀pá gún ilẹ̀, gbì! Á tẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà á gbé ọ̀pá sókè. Wọ́n ní ńṣe ló ń fi ọ̀pá yẹn pe agbára jáde látinú ilẹ̀. Kíá, wọ́n á da ìbọn bò ó. Bó bá ṣubú, wọ́n á hó yèè, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, Bàbá. Bí bàbá náà bá ti kú, ọmọ ogun á sáré wọnú pápá. Kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹni tó ń gbá a ju páàdì sílẹ̀, ó pariwo pé, "Ẹ wo bàbá burúkú yìí! Ó ti fi nǹkan sílẹ̀ kó tó kú!"

Ife tó wà lọ́wọ́ mi bọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Kì í ṣe Olódò ni mo ti gbọ́ ọ. Ní Ìrókò ni, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lẹ́nu àwọn tí ẹ jọ ń kírun, ẹ̀yin sì ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ̀yin ò lè kọjá lórí ilẹ̀ kí ẹ má fi gìgísẹ̀ kàn án wò. Nínú oko ni, lójú ọ̀nà ni, ẹ ó kàn án, ẹ ó tẹ́tí, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ẹ ṣe àlùwàlá tán, ẹ fi gìgísẹ̀ kan etí kànga ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ẹ tún kàn án. Ẹ ní kí èmi náà wá gbọ́. Ó ń dún bí akèrègbè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ ní iyẹ̀pẹ̀ ti ṣí lọ lábẹ́, sìmẹ́ǹtì orí nìkan ló kù tó gbé ara rẹ̀ dúró.

Ẹ sọ fún Baálẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kànga tí kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kànga tí wọ́n fi ń yangàn! Ẹnì kan ní, "Àbí ẹ fẹ́ gba omi náà fún ebè ata yín ni?" Ẹ fi pákó bo ojú rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá pákó níbẹ̀. Ẹ tún fi ẹ̀gún dí i, wọ́n fi àdá lé e kúrò. Ìgbà yẹn lẹ wá so àálè.

Èmi ni mo wá ìkarahun ìgbín lórí ààtàn. Àkísà pupa yẹn, ara ìró ìyá mi ni, èyí tí wọ́n wọ̀ wọ̀ wọ̀ títí tó fi di ìnulẹ̀. Ẹ̀yin mú ṣúkù àgbàdo wá àti ìgbálẹ̀ tó ti jẹ kù sídìí. Èmi ni mo di igi mú nígbà tí ẹ ń so ó. Mo ń retí kí ẹ pe ọfọ̀, àyà mi ń já. "Bísímíláì" lẹ sọ, bí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun, ó parí. Mo bi yín pé, "Bàbá, oògùn rẹ̀ dà?" Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín. Ẹ ní, "Ẹnu wọn ni oògùn rẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Bí wọ́n bá mọ̀ pé òfìfo ni, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pọnmi lọ́la."

Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín gbọ́ gba ìkarahun ààtàn gbọ́. Odò lọ́hùn-ún la wá ń lọ. Èmi náà ru omi, ọrùn dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn obìnrin ń gun òkè bọ̀, wọ́n ń fi orúkọ yín ṣépè ní gbogbo ìgbésẹ̀. Òdájú. Ahun. Oṣó. Wọn ò rí i pé omi odò kan náà lẹ̀yin náà ń mu, wọn ò rí kẹ́ẹ̀gì tó máa ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yín. Ní mọ́ṣáláṣí, níbi tó yẹ kí èjìká kan èjìká lórí ìlà, wọ́n ń fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣé ó dùn yín, Bàbá? Mo máa ń rí yín tí ẹ ń ká ẹní ìkírun yín bọ̀, ojú yín a dà bí ojú ẹni tó ń ronú nípa ewúro. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ máa ń sunkún nínú oko, àbí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín?

Ẹ wá kú. A ò tíì parí àdúrà ogójì tí wọ́n fi mú ààfáà kan wá. Ààfáà dúró lókèèrè, ó gbàdúrà títí, wọ́n fi ọ̀pá gígùn já àálè yín, wọ́n dáná sun ún. Ìró ìyá mi ni wọ́n sun. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àwọn bọ́. Òjò wá dé. Láàárọ̀ kan ẹnu kànga ya wọlé, gbogbo sìmẹ́ǹtì náà wọmi. Kò sí ènìyàn níbẹ̀, okùn àti garawa ẹnì kan ló bá a lọ. Mo sáré lọ síbẹ̀. Mo rò pé òní ni wọ́n máa dárúkọ yín dáadáa. Mo rò pé ẹnì kan á ní, há, bàbá yẹn sọ ọ́! Wọ́n dúró yí kòtò ká, wọ́n gbọwọ́ lérí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí bàbá yìí! Ó ti fi nǹkan sílẹ̀ kó tó kú!"

Ẹ sọ fún mi, irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Kí kànga má yà, wọ́n ní ìkà ni yín. Kí kànga yà, wọ́n ní ìkà ni yín.

Ohun tó ń bí mi nínú sí àwọn ọmọ géèmù yìí náà nìyẹn. Ojú wọn fọ́ ni? Ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn kì í so àálè. Àwa ọmọ oko mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dẹ pàkúté á fi ewé bò ó, á pa ipa ẹsẹ̀ rẹ́, á lọ jókòó sílé. Bàbá Alákìísà so tirẹ̀ síbi tí ojú á ti rí i, ó tún fi ara rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀. Kò sí àkísà kan lẹ́yìn rẹ̀ níhà pápá. Iwájú nìkan ni, níhà ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀. Ọ̀pá tó fi ń gún ilẹ̀ ńkọ́? Agbára wo ló ń pè? Ilẹ̀ ló ń gbọ́! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ẹ̀yin ni mo rí, Bàbá, ẹ̀yin gan-an, pẹ̀lú omi àlùwàlá tó ń kán lára irùngbọ̀n yín.

Ẹni tó ṣe géèmù yẹn mọ ohun tó ṣe. Ó dá mi lójú. Ó kàn fi í síbẹ̀, ó dákẹ́, ó ń wò ó bóyá ẹnì kan á bèèrè. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Kí ló dé tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lójú ọ̀nà wa, ọ̀tá ni?

Ǹ bá dákẹ́ bí mo ṣe máa ń dákẹ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n fẹ́ràn mi. Ata tí mo bá lọ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ní ọwọ́ mi mọ iyọ̀. Ìgbà tó yá, obìnrin kan tó ń gbé gàrí wá láti apá ọ̀dọ̀ wa sọ fún wọn pé, "Ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tí ẹ gbé wọlé? Ọmọ aláàálè tó ba kànga jẹ́ ni o." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lọ ata wọn lọ́tọ̀. Wọn ò jà, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn gbé ìkòkò tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí a wá sọ fún wọn pé àdúrà ọdún yín ti ń bọ̀, pé a fẹ́ kí wọ́n bá wa dé Ìrókò, wọ́n ní, "Èmi? Kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sílé ẹni tó ń bá kànga jà?"

Bàbá, ẹ mọ ìlú wa. Bí àwọn àna ò bá yọjú síbi àdúrà yín, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, àwọn ará Olódò náà ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà á tún le sí i. Á lẹ̀ mọ́ orúkọ yín, á lẹ̀ mọ́ èmi, á lẹ̀ mọ́ ọmọ tí Ọlọ́run bá fún mi.

Ọ̀sán Àìkú tó kọjá ló bẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kún. Akọ̀wé ló ń gbá géèmù. Àbúrò ọkọ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ó ti yìnbọn fún Bàbá Alákìísà títí bàbá náà fi wà lórí eékún. Bàbá náà tún ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

Mo ní, "Kí ló tiẹ̀ ṣe fún yín?"

Gbogbo wọn yíjú. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá, bí ọkùnrin méjì bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, àbí bàbá rẹ ni?"

Ẹnì kan lẹ́yìn dìde, ó na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ dọ̀bálẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ burúkú! Àna wa ni wọ́n!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí bẹ́ǹṣì fi fẹ́ ṣubú. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Mo gbé kúlà sóbò sílẹ̀. Mo ní, "Akọ̀wé, ẹ gbé e fún mi."

"Ìwọ kẹ̀? O mọ̀ ọ́n gbá ni?"

Ọkọ mi gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí lo fi ń rìn. Èyí ni ti ìbọn."

Mo ní, "Mi ò fẹ́ ti ìbọn."

Ọmọ ogun mi ń forí sọ igi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Ó gún ilẹ̀, ó tẹ́tí, ó gbé ọ̀pá sókè. Wọ́n ń pariwo pé, "Yìn ín! Ìyàwó, yìn ín, á pa ọ́ o!" Mi ò yìn ín. Mo fà sẹ́yìn. Bàbá náà sọ ọ̀pá kalẹ̀. Mo tún sún mọ́ ọn, ó gbé e sókè. Mo tún fà sẹ́yìn, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Kò lé mi. Kò fọwọ́ kàn mí. Bí ẹni tó ń lé ọmọdé kúrò nídìí iná ló ń ṣe. Ariwo wọn ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ó fi ku ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń gbá a, kò sẹ́ni tó dúró tì í rí láti mọ ohun tó máa ṣe.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dáa, a ti rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe báyìí, báwo la ṣe máa kọjá?"

"Kọjá lọ síbo?" ni mo wí. "Sórí ilẹ̀ tó ń rì?"

Èyí tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní, "Ìyàwó, mú páàdì wá, èmi ló kàn." Kí n tó gbé kúlà mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti tún pa á.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi ń ká wáyà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ní, "Àálè bàbá rẹ yẹn, kí ni wọ́n fi sí i?" Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò bi mí rí. Mo sọ fún un. Ìkarahun, ṣúkù, ìgbálẹ̀, ìró ìyá mi. Bísímíláì. Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kànga ti yà, Bàbá. Ta ni àṣírí náà tún ń ṣọ́? Ẹ̀yin nìkan ló kù tó ń pa lára. Ṣé mo ṣẹ̀ yín?

Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Mo wà nídìí ààrò, mò ń gbọ́ wọn.

"Òfìfo ni, Ìyá. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ló wá ń fi dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ sí?"

"Kí ọmọlọ́mọ má baà kó sí kànga ni."

Mo gbọ́ tí Ìyá gbé ìdérí ìkòkò wọn kalẹ̀. Wọ́n wá bi í pé, "Ó wá jókòó, wọ́n ń bú u, kò wí nǹkan kan?"

"Kò wí nǹkan kan."

"Ọkùnrin wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mi ò mọ̀ bóyá èébú ni àbí ìyìn. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀. Wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ata wọn ṣì wà lọ́tọ̀.

Òní ni àdúrà yín. Mo ti dín àkàrà sàráà, mo ti dì í. Ọkọ mi ti lọ pe ọkọ̀. Bó jẹ́ èmi àti òun nìkan la máa lọ, n ó dúró láàárín ilé yín lónìí, n ó sọ ohun tó wà nínú àálè náà fún gbogbo wọn, ojú ì báà tì mí kú. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ọkùnrin méjì. N ó ní kí ẹni tí kò bá dá lójú wá wo ibi tí wọ́n ti ya àkísà lára ìró ìyá mi, ìyókù rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Mo kàn ní ìrètí pé n ò ní dá nìkan sọ ọ́. Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò rí i sọ fún yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró lójú ọ̀nà.

Èmi ni ọmọ yín tó di igi mú nígbà tí ẹ ń so ó, tí kò sì ní jù ú sílẹ̀.

Ẹ dúró ná, Bàbá, mo ń gbọ́ ohùn kan níta. Ìyá ọkọ mi ni. "Ìyàwó! Àbí o fẹ́ kí oòrùn pa wá lójú ọ̀nà Ìrókò ni? Rọ omi sínú ike fún mi o, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi lọ́dọ̀ yín!" Wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n gbé bàtà tó dáa wọ̀. Bàbá, wọ́n ń bọ̀, wọn ì báà gbé omi Olódò dání, wọ́n ń bọ̀, ẹ sáà jẹ́ kí n